Orí Keje: Kíkan Àwòrán Pọ̀ láti inú Àpamọ́ Ayàwòrán

Àwòrán àkànpọ̀ ni fọ́tò kan ṣoṣo tí a fi fọ́tò méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣe, tí ojú ẹni tó ń wò ó sì gbà á bí ohun kan. Kì í ṣe orí ènìyàn púpọ̀ tí wọ́n tò sójú páálí kan ni à ń sọ, irú èyí tí àwọn ẹgbẹ́ máa ń tẹ̀ sórí álímánáàkì, níbi tí alága, akọ̀wé àti akápò ti wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kálukú nínú róbótó tirẹ̀. Nínú àwòrán àkànpọ̀, ààlà tó wà láàárín fọ́tò kan àti èkejì ti parẹ́, tàbí kó ti di ara iṣẹ́ náà. Ohun tí orí yìí fẹ́ fi hàn ni pé agbára irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kò sí lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà tí a fi kàn án pọ̀. Inú àpamọ́ ayàwòrán ló wà: gbogbo fọ́tò tó ti yà sẹ́yìn tó sì tọ́jú, àti ìmọ̀ tó ní nípa ìmọ́lẹ̀ inú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹni tí àpamọ́ rẹ̀ gbẹ lè mọ gbogbo bọ́tìnnì tó wà lójú kọ̀ǹpútà, síbẹ̀ kí iṣẹ́ rẹ̀ dà bí ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ra ní kánjúkánjú. Ọ̀dọ̀ bọ́tìnnì ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí. Ọ̀dọ̀ fọ́tò ni a fẹ́ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ìtàn, nítorí ọ̀pọ̀ ló gbà pé ìgbà tí kọ̀ǹpútà dé ni àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kan àwòrán pọ̀. Ọdún 1990 ni Photoshop àkọ́kọ́ jáde, ọdún 1994 ni wọ́n sì fi léyà sí i, ìyẹn ìpele orí ìpele tí àwọn oníṣẹ́ gráfíìkì ń lò títí dòní. Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ti lé ní 130 ọdún láyé kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀. Láàárín ọdún 1850 sí 1860, awo gíláàsì tí wọ́n fi kẹ́míkà pa lójú ni ọ̀pọ̀ ayàwòrán ń lò. Kẹ́míkà náà máa ń tètè gba àwọ̀ búlúù, kì í sì í tètè gba àwọ̀ ewé àti pupa. Kí ilẹ̀ àti igi tó hàn dáadáa lójú awo, ojú ọ̀run á ti gba ìmọ́lẹ̀ àgbàjù, á sì jáde ní funfun gbòò láìsí àwọsánmà kankan. Bí ayàwòrán bá sì tètè pa kámẹ́rà dé nítorí àwọsánmà, ilẹ̀ á dúdú. Èyí ló mú kí Gustave Le Gray, ọmọ ilẹ̀ Faransé, fi awo kan ya òkun, kó fi òmíràn ya ojú ọ̀run, kó sì so méjèèjì pọ̀ ní ibi tí omi àti òfurufú ti pàdé nígbà tó bá ń tẹ̀ wọ́n sórí páálí. Nínú àwọn àwòrán òkun tó yà ní ọdún 1856 àti 1857, a rí ibi tí ojú ọ̀run kan náà ti wà lókè òkun méjì tó yàtọ̀. Ìyẹn túmọ̀ sí pé ó tọ́jú awo ojú ọ̀run rẹ̀, ó sì ń padà lọ mú un bí iṣẹ́ bá pè é.

Lẹ́yìn tirẹ̀, ọ̀pọ̀ ayàwòrán ní ilẹ̀ Yúróòpù ni wọ́n kó awo àwọsánmà jọ fún irú iṣẹ́ yìí, àwọn oníṣòwò kan tilẹ̀ ń ta á fún ẹni tí kò bá ní tirẹ̀. Ibẹ̀ ni àléébù ti wọlé. Ẹni tó ra àwọsánmà lọ́wọ́ ẹlòmíràn kò sí níbẹ̀ nígbà tí oòrùn ràn án. Kò mọ apá ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti wá. Ó lè gbé àwọsánmà tí oòrùn ràn láti apá òsì lé ilẹ̀ tí òjìji igi rẹ̀ fi hàn pé apá ọ̀tún ni oòrùn wà. Nígbà tí P. H. Emerson kọ ìwé rẹ̀ lórí fọ́tò yíyà ní ọdún 1889, ó bá iṣẹ́ ìkànpọ̀ jà gidigidi, ó ní kí ayàwòrán máa ya ohun tí ojú rí bí ojú ṣe rí i. Ó tọ́ kí ó bínú sí iṣẹ́ jákujàku. Ṣùgbọ́n bí a bá wo ẹ̀rí náà dáadáa, ìkànpọ̀ kọ́ ló ba àwọn àwòrán wọ̀nyẹn jẹ́. Kíkàn tí wọ́n kàn wọ́n láìka ìmọ́lẹ̀ inú wọn sí ló bà wọ́n jẹ́. Le Gray mọ òkun rẹ̀, ó mọ ojú ọ̀run rẹ̀, torí pé òun ló ya méjèèjì.

Àwọn méjì kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé iṣẹ́ náà kọjá ojú ọ̀run. Oscar Rejlander, ọmọ Sweden tó fi ìlú Wolverhampton ṣe ibùgbé, fi nẹ́gátíìfù tó lé ní 30 ṣe àwòrán kan ṣoṣo ní ọdún 1857, tó pè ní The Two Ways of Life. Àgbàlagbà kan dúró láàárín ọ̀dọ́mọkùnrin méjì. Ọ̀kan kọjú sí iṣẹ́ àti ìfọkànsìn, èkejì ń yà sí fàájì àti ìṣekúṣe. Ayaba Victoria ra ẹ̀dà kan nínú rẹ̀. Ní ọdún kejì, Henry Peach Robinson fi nẹ́gátíìfù márùn-ún ṣe Fading Away, níbi tí ọmọbìnrin kan ti ń kú lọ lórí àga, tí àwọn ìbátan rẹ̀ dúró tì í, tí ọkùnrin kan sì kẹ̀yìn sí wọn, tó ń wo ìta láti ojú fèrèsé. Inú bí ọ̀pọ̀ lára àwọn tó rí i. Wọ́n ní ìbànújẹ́ inú ilé kì í ṣe ohun tó yẹ kí ẹnikẹ́ni gbé kámẹ́rà wọ̀. Ọmọbìnrin náà kò sì ṣàìsàn rárá; àwọn tí Robinson ní kí wọ́n dúró fún un ni gbogbo wọn. Ẹ fara balẹ̀ wo ohun tí ìbínú yẹn fi hàn wá. Àwọn ènìyàn bínú nítorí pé wọ́n gbà á gbọ́. Nẹ́gátíìfù márùn-ún tó kó wọnú rẹ̀ kò dín agbára fọ́tò kù lójú wọn, nítorí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé tó bọ́ sójú aláìsàn náà bá èyí tó bọ́ sára àwọn tó dúró tì í mu.

A kò ní láti dúró sí Yúróòpù fún ẹ̀rí. Ní àwọn ọdún 1970, Stephen Sprague, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń ṣèwádìí lórí fọ́tò láàárín àwọn Yorùbá, rí irú iṣẹ́ yìí ní Ìlá-Ọ̀ràngún, ó sì tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde ní ọdún 1978. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya méjèèjì papọ̀, ayàwòrán á ya èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì, á sì tẹ àwòrán méjèèjì sórí páálí kan, bí ẹni pé Táyé àti Kẹ́hìndé jókòó tira wọn. Bó bá jẹ́ pé akọ àti abo ni wọ́n, wọ́n á wọ ọmọ tó kù ní aṣọ tirẹ̀ fún fọ́tò kan, wọ́n á sì wọ̀ ọ́ ní aṣọ irú èyí tí ìkejì rẹ̀ ì bá wọ̀ fún èkejì. Ère ìbejì tí àwọn agbẹ́gilére ń gbẹ́ ló ń ṣe iṣẹ́ yìí tẹ́lẹ̀; nígbà tí àwọn ìdílé kan kò fẹ́ ère mọ́ nítorí ẹ̀sìn, fọ́tò gba ipò rẹ̀. Kò sí ẹni tó purọ́ fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ìyá ọmọ mọ̀, bàbá mọ̀, gbogbo àdúgbò mọ̀. Àwọn ayàwòrán Ìlá fi ọgbọ́n yàrá òkùnkùn ṣe ohun tí kámẹ́rà nìkan kò lè ṣe, wọ́n sì ṣe é pẹ̀lú ojú ọmọ kan ṣoṣo, lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ kan náà. Mo gbà pé ó yẹ kí wọ́n máa ka iṣẹ́ wọn pọ̀ mọ́ ti Rejlander àti Robinson nínú gbogbo ìwé ìtàn fọ́tò, kì í ṣe nínú ìwé nípa àṣà Yorùbá nìkan.

Ẹni tó fi ọ̀rọ̀ àpamọ́ hàn kedere jù ni ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Jerry Uelsmann. Ìlú Detroit ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1934, ó kọ́ni ní University of Florida fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì kú ní ọdún 2022. Ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé iṣẹ́ ọnà òde òní ní New York ṣe àfihàn iṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1967, nígbà tí ọ̀pọ̀ ayàwòrán Amẹ́ríkà ṣì gbà pé láti ẹnu kámẹ́rà ni àwòrán ti gbọ́dọ̀ parí. Ọ̀nà tó gbà ṣiṣẹ́ rọrùn láti sọ, ó sì ṣòro láti ṣe. Ó to ẹnlájà púpọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń tan ìmọ́lẹ̀ gba inú nẹ́gátíìfù sórí páálí, sínú yàrá òkùnkùn kan, ó fi nẹ́gátíìfù kan sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ń gbé páálí kan náà láti abẹ́ ìkíní dé abẹ́ ìkejì, kó fi ọwọ́ tàbí páálí kékeré dí ìmọ́lẹ̀ níbi tí kò fẹ́ kó bọ́ sí. Báyìí ló ṣe rí igi tó léfòó lókè omi tòun ti gbòǹgbò rẹ̀, àti yàrá ìkàwé tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ ojú ọ̀run. Ṣùgbọ́n kó tó dé ibi ẹnlájà, á ti jókòó ti àwọn páálí tó tẹ gbogbo nẹ́gátíìfù rẹ̀ sí ní kékeré, ti ọdún yìí àti ti ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn, á máa gbé èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn títí yóò fi rí méjì tó ń pe ara wọn. Fọ́tò gbòǹgbò igi lè wà nílẹ̀ fún ọdún gbọọrọ kí omi tó yẹ ẹ́ tó dé. Ibi ìjókòó yẹn gan-an ni iṣẹ́ ti ń ṣẹlẹ̀.

Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń bá ìmọ́lẹ̀ mu

Kí ló ń jẹ́ kí fọ́tò méjì gbà fún ara wọn? Nǹkan mẹ́ta ló ṣe pàtàkì jù, a óò sì pẹ́ lórí méjì nínú wọn. Àkọ́kọ́ ni gíga kámẹ́rà. Ní ilẹ̀ tó tẹ́jú, tí a kò sì doríkodò kámẹ́rà tàbí gbé e sókè, ìlà ibi tí ilẹ̀ àti ọ̀run ti pàdé máa ń gba gíga ojú kámẹ́rà kọjá lára gbogbo ohun tó wà nínú fọ́tò. Bí kámẹ́rà bá wà ní mítà 1.5 sílẹ̀, ìlà náà yóò gba ọrùn tàbí àgbọ̀n gbogbo àgbàlagbà tó dúró níbẹ̀, ìbáà jẹ́ ẹni tó wà nítòsí tàbí ẹni tó wà lókèèrè réré. Wàyí o, bí ẹ bá mú fọ́tò ọkùnrin kan tí ẹ lóṣòó yà, tí ìlà náà sì gba orúnkún rẹ̀, tí ẹ gbé e sínú fọ́tò ọjà tí ẹ dúró yà, ojú ẹni tó ń wò ó á kọ̀ ọ́. Onítọ̀hún lè máà mọ ohun tó kọ̀. Á kàn sọ pé ọkùnrin náà dà bí òmìrán, tàbí pé kò fẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Kò sí bọ́tìnnì tó ń wo èyí sàn. Ohun tó ń wò ó sàn ni kí ẹ padà sínú àpamọ́ lọ wá ọkùnrin tí ẹ dúró yà.

Èkejì ni oòrùn. Òjìji ni ẹ óò fi mọ gíga rẹ̀. Bí òjìji ènìyàn bá gùn tó ènìyàn náà gẹ́lẹ́, oòrùn wà ní díígírì 45. Bí òjìji bá gùn ní ìlọ́po méjì ara, oòrùn ti lọ sílẹ̀ dé nǹkan bíi díígírì 27. Ní ilẹ̀ wa, ọ̀sán gangan máa ń fi òkùnkùn sí kòtò ojú àti abẹ́ àgbọ̀n, ìrọ̀lẹ́ a sì máa kun ẹ̀gbẹ́ ojú kan ní pupa rẹ́súrẹ́sú. Ìmọ́lẹ̀ ọyẹ́ tún yàtọ̀ sí méjèèjì: eruku inú afẹ́fẹ́ máa ń tú oòrùn ká, etí òjìji á rọ̀, ohun tó bá sì wà lókèèrè á ṣì lójú. Lẹ́yìn òjò oṣù kẹsàn-án, afẹ́fẹ́ mọ́ tónítóní, etí òjìji mú bí abẹ. Ẹni tó bá gbé ojú tí wọ́n yà nínú ọyẹ́ sáàárín igbó tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ yóò rí i pé bó ti wù kó tún àwọ̀ rẹ̀ ṣe tó, ojú náà á máa sọ pé ibòmíràn ni òun ti wá. Bí alárànṣọ ṣe ń wo ọ̀já aṣọ òkè kó tó rán an mọ́ èkejì, kí ìlà àti aró wọn lè bára mu, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ máa wo òjìji kí ẹ tó fọwọ́ kan èkúté kọ̀ǹpútà. Ẹ̀kẹta ni híhun ojú fọ́tò, ìyẹn bí ó ṣe mú tàbí ṣe rọ̀, àti iyanrìn wínníwínní tí ISO gíga máa ń fi sí i. Èyí rọrùn láti tún ṣe. Ẹ fi iyanrìn díẹ̀ kún èyí tó dán jù, ẹ má gbìyànjú láti fọ èyí tó ní iyanrìn.

Ní ti pípa àwòrán méjì pọ̀ lójú ara wọn, ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe, kó má kàn máa tẹ orúkọ ọ̀nà ìpapọ̀ kan tẹ̀lé òmíràn títí ọ̀kan yóò fi dára. Kọ̀ǹpútà ń fi nọ́ńbà mọ ìmọ́lẹ̀: 0 ni dúdú pátápátá, 1 ni funfun pátápátá, 0.5 sì wà láàárín. Ọ̀nà ìpapọ̀ tí wọ́n pè ní Multiply ń fi nọ́ńbà ìpele òkè ṣe ìsọdipúpọ̀ pẹ̀lú ti ìsàlẹ̀. 0.5 lọ́nà 0.5 jẹ́ 0.25, nítorí náà ohun gbogbo ń dúdú sí i. Ṣùgbọ́n 1 lọ́nà 0.5 ṣì jẹ́ 0.5, ìdí nìyẹn tí ibi tó funfun nínú ìpele kan fi ń parẹ́ pátápátá tí èkejì sì ń hàn gba ibẹ̀ jáde. Ó jọ ìgbà tí a bá gbé fíìmù méjì lé ara wọn níwájú gílóòbù. Screen ń ṣe òdìkejì: ó ń yí nọ́ńbà méjèèjì sódì, ó ń ṣe ìsọdipúpọ̀, ó sì ń yí èsì náà sódì padà, tó fi jẹ́ pé 0.5 àti 0.5 di 0.75. Ohun tó dúdú ló ń parẹ́ níbẹ̀, ó sì sún mọ́ ìgbà tí a bá ya fọ́tò méjì sójú fíìmù kan. Ẹ rí i pé àwọn ọgbọ́n méjèèjì yìí ti wà ní yàrá òkùnkùn. Kọ̀ǹpútà kàn sọ wọ́n di ìṣirò ni.

Ẹ jẹ́ ká fi iṣẹ́ kan yẹ èyí wò. Ká ní àpamọ́ yín ní fọ́tò àwọn òrùlé páànù Ìbàdàn tó ti dípẹtà, tí ẹ yà láti orí òkè Mápó ní ìrọ̀lẹ́, ó sì tún ní fọ́tò ojú ìyá àgbà kan tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé bọ́ sí ní ẹ̀gbẹ́. Bí ẹ bá gbé àwọn òrùlé lé ojú náà pẹ̀lú Multiply, ibi tí ojú ti mọ́lẹ̀, ní ìgẹ̀rẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti iwájú orí, ni páànù yóò ti hàn jù. Ibi tí ojú ti ṣókùnkùn yóò gbé òrùlé mì. Ìwúnjọ ara àti ìlà páànù á wá máa tẹ̀lé ara wọn, ìyẹn bí ẹ bá yí fọ́tò òrùlé títí ìlà rẹ̀ fi gba ibi tí ìwúnjọ gbà. Ẹyinjú ìyá náà ni kí ẹ dáàbò bò. Ẹ fi mask bo ìpele òrùlé níbẹ̀, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tí etí rẹ̀ rọ̀ pa á rẹ́ díẹ̀díẹ̀, títí ojú yóò fi mọ́ kedere láàárín ìpẹtà. Bí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá ti apá òsì ràn sórí òrùlé, tí fèrèsé sì wà ní apá ọ̀tún ìyá náà, iṣẹ́ kò tí ì parí: ẹ lè yí fọ́tò òrùlé dà bí ti inú dígí, nítorí òrùlé kò ní lẹ́tà lára tí yóò fi yín hàn. Ẹ má ṣe yí ojú ènìyàn dà. Àwọn tó mọ ìyá náà yóò rí i lójú ẹsẹ̀ pé kì í ṣe òun.

Àwọn àtakò, àti ìdáhùn wa

Àtakò tó wọ́pọ̀ jù ni pé irọ́ ni àwòrán àkànpọ̀. Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀rí lọ́wọ́, kò sì yẹ ká fojú rénà ẹ̀rí wọn. Ní oṣù kejì ọdún 1982, ìwé ìròyìn National Geographic fi kọ̀ǹpútà sún pírámíìdì Gíísà mọ́ra kí wọ́n lè gba ojú ìwé tó dúró gbọọrọ, àwọn òǹkàwé sì bínú. Ní ọdún 2003, nígbà ogun Ìráákì, ayàwòrán kan tó ń ṣiṣẹ́ fún Los Angeles Times kan fọ́tò méjì pọ̀, ti ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan àti àwọn ará ìlú, èyí tó yà tẹ̀lé ara wọn láàárín ìgbà díẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí i pé àwọn kan náà fara hàn lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn, wọ́n lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ìdájọ́ náà tọ́. Ṣùgbọ́n kí ló sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀? Ìwé ìròyìn ló gbé fọ́tò náà síwájú gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, ẹni tó bá sì pe ara rẹ̀ ní ẹlẹ́rìí kò gbọdọ̀ fi nǹkan kan kún ohun tó rí. Ìyá ìbejì ní Ìlá kò pe fọ́tò tirẹ̀ ní ẹlẹ́rìí pé ọmọ méjèèjì jókòó pọ̀ lọ́jọ́ kan. Uelsmann kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé igi kan fò. Iye nẹ́gátíìfù tó wà nínú àwòrán kọ́ ló ń sọ ọ́ di irọ́ tàbí òótọ́, bí kò ṣe ohun tí ẹni tó ṣe é sọ nípa rẹ̀ àti ibi tó gbé e sí. Bẹ́ẹ̀ ni fọ́tò tí a kò fọwọ́ kàn rárá lè purọ́, bí a bá kọ ọ̀rọ̀ èké sábẹ́ rẹ̀.

Àwọn kan tún ń sọ pé kò sí ọgbọ́n nínú rẹ̀ mọ́, pé kọ̀ǹpútà ló ń ṣe é. Ohun tí a ti rí lókè nípa òjìji àti gíga kámẹ́rà ti dáhùn apá kan èyí: ẹ̀rọ lè gé àwòrán ènìyàn kúrò lára ògiri ní ìṣẹ́jú kan, kò lè sọ fún yín pé ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú kan ní Abẹ́òkúta bá òwúrọ̀ kan ní Badagry mu. Èyí tó le ju ìyẹn lọ ni ti àwọn ẹ̀rọ AI òde òní, tí ń fi ọ̀rọ̀ lásán ya ohunkóhun tí a bá sọ fún wọn. Kí ni a tún fẹ́ fi àpamọ́ ṣe, nígbà tí ẹ̀rọ lè fún wa ní ìyá àgbà àti òrùlé páànù láìsí kámẹ́rà? Ní ọdún 2023, Boris Eldagsen, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, gba ẹ̀bùn kan nínú ìdíje Sony World Photography Awards pẹ̀lú àwòrán tí AI ṣe, ó sì kọ ẹ̀bùn náà, ó ní AI kì í ṣe fọ́tò, kò sì yẹ kí àwọn méjèèjì máa figa gbága nínú ìdíje kan. Ó sọ òdodo. Nínú àwòrán àkànpọ̀ tó ti inú àpamọ́ wá, gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ tó ti kan ohun kan ní ibì kan lọ́jọ́ kan. Ìyá náà wà láyé, òrùlé náà gba òjò. Bí a bá kàn wọ́n pọ̀, ohun tuntun ni a fi òótọ́ méjì ṣe, ẹni tó ń wò ó sì ń rí òótọ́ méjèèjì nínú rẹ̀. Àwòrán AI lè rẹwà, àwọn kan sì ń fi ọgbọ́n gidi ṣe é, ṣùgbọ́n ìyá yẹn kò sí nínú rẹ̀. Fún ìdí yìí, bí ẹ bá ń ṣe iṣẹ́ tí orí yìí kọ́ yín, ẹ má ṣe fi AI dí àyè tí àpamọ́ yín kò lè dí. Ẹ jáde lọ yà á.

Títọ́jú àpamọ́

Bí agbára bá wà nínú àpamọ́, a jẹ́ pé títọ́jú rẹ̀ jẹ́ ara iṣẹ́ ọnà. Ẹ máa tọ́jú fáìlì RAW, torí pé ó gba ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn mọ́ra ju JPEG lọ, yóò sì jẹ́ kí ẹ lè yí àwọ̀ fọ́tò kan sí ti èkejì láìba ojú rẹ̀ jẹ́. Kámẹ́rà ń kọ ọjọ́ àti wákàtí sínú fáìlì fúnra rẹ̀, bí ẹ bá ṣètò aago rẹ̀ dáadáa. Ohun tí kò lè kọ ni apá ibi tí oòrùn wà àti bí ojú ọjọ́ ṣe rí, ẹ̀yin ni kí ẹ kọ ọ́ mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán ló ń fi orúkọ òde to fọ́tò wọn: ìgbéyàwó báyìí, ìsìnkú báyìí. Fún iṣẹ́ yìí, ẹ tún tò wọ́n sí ọ̀nà ìmọ́lẹ̀: ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ọ̀sán gangan, ọyẹ́, iná mànàmáná. Ẹ máa ya ohun tí kò ní orúkọ pẹ̀lú, irú bí ojú ọ̀run lásìkò oríṣiríṣi, ògiri alámọ̀ tó sán, èèpo igi, èéfín, omi tó dákẹ́ àti omi tó ń ru. Kò sí oníbàárà tó máa sanwó wọn lónìí, àwọn ni ẹ óò sì máa wá jù lọ́la. Ẹ fi ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ pamọ́ sí ibi méjì ó kéré tán, nítorí háàdì dírààfù máa ń kú láìsọ tẹ́lẹ̀. Ẹ má ṣiṣẹ́ lórí ojúlówó fáìlì. Ẹ̀dà ni kí ẹ fọwọ́ kàn, kí ẹ sì tọ́jú iṣẹ́ náà tòun ti gbogbo ìpele rẹ̀, ìbáà jẹ́ Photoshop ni ẹ lò tàbí GIMP, tí wọn kì í gbowó lé lórí.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́kù tó kan àwọn ènìyàn inú àpamọ́. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ Nàìjíríà ti ọdún 2022 ka fọ́tò mọ́ iṣẹ́ ọnà tó ń dáàbò bò, nítorí náà fọ́tò tí ẹ rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ẹni tó ni ín, ẹ kò sì lè sọ ọ́ di ìpele iṣẹ́ yín láìgbàṣẹ. Ṣùgbọ́n fọ́tò tí ẹ fúnra yín yà pàápàá kì í ṣe tiyín nìkan. Ẹni tó jókòó fún yín níbi ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ kò jókòó pé kí ẹ wá fi ìpẹtà páànù bo òun lójú, kí ẹ sì gbé e kọ́ sára ògiri fún aráyé wò. Ẹ lọ bá a. Ẹ fi iṣẹ́ náà hàn án kó tó jáde. Bó bá ti ṣaláìsí, ẹ lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ mú ojú mìíràn.

Fún iṣẹ́ ṣíṣe orí yìí, ẹ yan fọ́tò méjì péré láti inú àpamọ́ yín, èyí tí ẹ yà ní ọjọ́ tó yàtọ̀ síra. Kí ẹ tó ṣí kọ̀ǹpútà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan: apá ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti wá, bí òjìji ṣe gùn tó, gíga tí kámẹ́rà wà, àti bí afẹ́fẹ́ ọjọ́ náà ṣe rí. Bí méjì nínú mẹ́rin kò bá bára mu, ẹ padà lọ wá òmíràn. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ kàn wọ́n pọ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ níbi tí gbogbo ènìyàn yóò ti rí i pé àwòrán àkànpọ̀ ni, pẹ̀lú ọdún tí ẹ ya ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan.